Ìyá Fídíò àti Ẹ̀rọ Tí Kì Í Yí Ara Rẹ̀ Padà

Nígbà tí bàbá àgbà kú, tí àwọn obìnrin ìjọ wá kí ìyá àgbà mi nílé, wọ́n ń pè é ní "opó wa". Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó nawọ́ sí tábìlì. "Opó ni ẹni tí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ bá ọkọ wọlẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ tèmi ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." Ohun tó wà lórí tábìlì náà ni kámẹ́rà fídíò dúdú kan, kékeré, irú èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Bàbá rà á ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Ìyá àgbà ló dá kọ́ ọ láàárín ogójì ọjọ́ tí wọ́n ní kó fi jókòó sílé ṣọ̀fọ̀. Lọ́jọ́ tó jáde, ó jáde tòun ti kámẹ́rà lọ́rùn.

Fẹlisitẹ́ ni orúkọ ìsàmì rẹ̀, ṣùgbọ́n láti Kétu dé Kpankou, Ìyá Fídíò ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ó kú nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, lórí ibùsùn ara rẹ̀, lẹ́yìn tó mu ẹ̀kọ gbígbóná tán tó sì ní kò dùn. Níbi ìsìnkú rẹ̀, gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ ló ní onísùúrù ni. Mo jókòó, mo ń gbọ́. Onísùúrù ni lóòótọ́, màá sọ bó ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ èyí tó ṣáájú ìyẹn: òjòwú ni. Mo mọ̀, nítorí pé òjòwú ni èmi náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti mú un.

Ọkọ rẹ̀ tó ti kú gan-an ni ẹni tó ń jowú jù. Bàbá àgbà ló dá ilé fótò wa sílẹ̀, kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ní àsìkò tí fótò ṣì jẹ́ dúdú àti funfun. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó kú, àwọn ènìyàn ṣì ń wí pé, "À ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Onífótò." Ìyá àgbà ló ń ya ìgbéyàwó wọn, òun ló ń ya ìsìnkú wọn, òun ló ń jí ní ìdájí tó ń gun sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, lọ bá wọn ní abúlé oko. Síbẹ̀, orúkọ ọkọ ni wọ́n ń pè. Obìnrin kan wá láti Kpankou láti gba fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ẹ bá wa kí Bàbá Onífótò o, iṣẹ́ wọn dára." Ìyá àgbà ní, "Ọ̀nà ibojì kò jìn, ìyá. Ẹ yà kí i fúnra yín." Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó bu omi mu, ó gbọn ilẹ̀ pupa kúrò létí ìró rẹ̀, ó ní: "Òkú ń jẹ orúkọ, èmi ń jẹ eruku."

Ohun tó fi ta ọkọ rẹ̀ yọ, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ, ni bọ́tìnnì kékeré kan. Kámẹ́rà náà ní bọ́tìnnì pupa lẹ́yìn, èyí tí à ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ kí fídíò lè bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Lókè, níbi tí ìka ìfábẹ̀lá máa ń sinmi sí, bọ́tìnnì mìíràn wà tó jẹ́ ti fótò. Bí fídíò bá ń lọ lọ́wọ́ tí o bá tẹ ti òkè yìí, ẹ̀rọ náà yóò mú àwòrán kan ṣoṣo pa mọ́, fídíò kò sì ní dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onífídíò ìlú wa ni kì í fi ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ kì í tóbi tó ti kámẹ́rà fótò gidi, òótọ́ sì ni. Ìyá àgbà ní kò burú, ṣé ògiri ni wọ́n fẹ́ fi í mọ ni?

Báyìí ló ṣe ń lò ó. Kó tó wọ ilé ayẹyẹ, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ya bàtà àwọn àlejò bí wọ́n ṣe bọ́ wọn sílẹ̀. Fótò yẹn ni yóò fi ṣí fídíò, òun ni yóò kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó lé lórí. Bí ayẹyẹ bá ń lọ, ní gbogbo ìgbà tí nǹkan pàtàkì bá ṣẹlẹ̀, bóyá òrùka ni, bóyá omijé, bóyá ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, yóò tẹ bọ́tìnnì òkè lẹ́ẹ̀kan. Fótò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tí a yà á lára. Nítorí náà, bó bá délé tó jókòó ti fídíò wákàtí mẹ́fà, kì í wá nǹkan kiri. Fótò á ti sọ fún un pé òrùka wà ní agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bí fídíò bá sì ń parí lọ, yóò fi fótò ojú kan tàbí méjì pa á dé, ojú tó dákẹ́, kí àwọn tó ń wò ó lè bá a dákẹ́.

Ó kọ́ mi ní gbogbo èyí nígbà tí mo pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Àṣìṣe kan náà ni mo ń ṣe lójoojúmọ́: mo máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọwọ́ mi ṣì ń rìn, gbogbo ojú á wá fà gbọ̀ọ̀rọ̀ bí ọ̀dà tí òjò pa. Yóò gbá mi lọ́wọ́ díẹ̀. "Fídíò ń rìn, fótò ń jókòó. Ìwọ tó wà láàárín àwọn méjèèjì, kọ́kọ́ dá èémí rẹ dúró."

Ó mọ ìjà. Katẹkísítà ìjọ wa sọ pé obìnrin kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ gun àtẹ̀gùn pẹpẹ. Ìyá àgbà bi í bóyá ọkùnrin tó wá tún iná pẹpẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá kò gbé ẹ̀rọ gùn ún. Katẹkísítà ní ìyẹn ọ̀tọ̀. Ìyá àgbà ní kò burú. Ó jókòó sí àga iwájú, ó pa kámẹ́rà, ó ká apá, títí ìyàwó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, tí bàbá ìyàwó fi dìde lọ sọ̀rọ̀ sí katẹkísítà létí. Wọ́n ní kó máa gùn ún. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tẹrí ba níwájú pẹpẹ, ó yíjú sí katẹkísítà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Olúwa ò bẹ̀rù kámẹ́rà. Ìwọ ni."

Nígbà tí fóònù wá kún ọwọ́ gbogbo ènìyàn, ìjà rẹ̀ pọ̀ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá na fóònù sókè níwájú rẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ kan lára igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé kámẹ́rà lé gún un ní ìdí, yóò sì wo ibòmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bínú, ó ní, "Màmá, fóònù mi mọ́lẹ̀ ju kámẹ́rà yín lọ." Òótọ́ ni, ó sì dùn ún dé egungun. Ìgbà tó ń bọ́ bàtà nílé ló tó la ẹnu: "Fóònù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá já sódò, ìyá rẹ̀ tó yà sínú rẹ̀ á bá a já sódò."

Mo ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì nígbà tí Rozalí dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ó fi ọdún kan jù mí lọ, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó parí kọlẹ́ẹ̀jì, kò ríṣẹ́, ìyá rẹ̀ ní kó wá gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà fún oṣù díẹ̀. Ó dé pẹ̀lú báàgì kan, àti èdè tó dà bí ẹni pé wọ́n da Gun, Faransé àti Nàgó pọ̀ sínú igbá kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a lọ ya ìkómọ kan ní Okpomẹ̀ta. Ẹsẹ̀ ń dun ìyá àgbà, ó gbé kámẹ́rà fún Rozalí pé kó bá òun dì í mú díẹ̀, fídíò ṣì ń ká. Gbogbo wa kọjú sí ọmọ tuntun. Rozalí yí kámẹ́rà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó tẹ bọ́tìnnì òkè lẹ́ẹ̀kan, ó yí i padà. Ìgbà tí a délé tí a ṣí kọ̀ǹpútà ni a tó rí ohun tó yà. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ni, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ti jí fìlà àbúrò rẹ̀, ó fi dé orí ara rẹ̀, fìlà náà kò bo ju àtàrí lọ, ó sì ń wo àwọn èrò bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sọ́jà.

Ìyá àgbà wo fótò náà pẹ́. Ó pe ará ilé. Ó pe aládùúgbò wa tó ń bó àgbàdo lọ́wọ́ pé kó wá wò. Ó ní, "Gbogbo wa ń wo ọmọ tuntun. Rozalí nìkan ló rí ẹni tí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo wà lẹ́yìn wọn níbẹ̀. Agboòrùn tí mo fi ṣíji bo kámẹ́rà láti àárọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó yíjú wò mí.

Láti ọjọ́ yẹn, Rozalí ló ń gbé kámẹ́rà. Èmi ń gbé agboòrùn, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti báàgì batirì. Mi ò ní parọ́ mọ́ òkú: ìyá àgbà kò fìyà jẹ mí, kò sì fún ẹnì kan lẹ́ran ju èkejì lọ nínú àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n bó bá ń pe Rozalí, ohùn rẹ̀ máa ń dà bíi ti ẹni tó ń ṣí fèrèsé. Bó bá ń pè mí, ó dà bíi ti ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Mo máa ń ṣọ́ iye ìgbà tó fọwọ́ kàn án léjìká láàárọ̀ kan. Mo máa ń tẹ́tí sí ẹ̀rín wọn láti inú yàrá kejì, bí wọ́n bá dákẹ́ nígbà tí mo wọlé, mo gbà pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà mú mi lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń wò wọ́n. Kò bínú. Ó fà mí mọ́ra, ó ní: "Àbẹ̀kẹ́, iyọ̀ ni owú. Èmi náà ń lá a. Ṣùgbọ́n mi ò dà á sínú ọbẹ̀ ẹlòmíràn rí."

Ní Adakplamẹ̀ ni mo ti dà á.

Àgbàlagbà àgbẹ̀ kan ló ń fa ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo fún ọkọ. Ìyá ọmọ náà ti kú tipẹ́. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àyà sì ń dùn ún. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé ìre tí yóò wí fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn tí wọn yóò gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀. Torí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó fúnra rẹ̀ ṣe wá sílé wa. "Ẹ bá mi mú ohùn bàbá mi," ó ní. "Gbogbo nǹkan yòókù, bó bá bọ́, kó bọ́."

Lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà ní Rozalí ni yóò ya ìre. Òun yóò jókòó láàárín àwọn àgbà obìnrin nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí èmi ya eléyìí." Kò tilẹ̀ rò ó wò. "Di agboòrùn mú dáadáa, ọmọ mi. Oòrùn mú."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà náà, ohun kékeré kan wà tí à ń tì síwá tì sẹ́yìn. Bó bá wà lápá kan, fídíò ni. Bó bá wà lápá kejì, fótò nìkan ni. Bó bá sì wà lápá ti fótò, o lè tẹ bọ́tìnnì pupa títí di ọ̀la, kò ní ká nǹkan kan. Àmì pupa kékeré kan ló yẹ kó hàn lójú gíláàsì láti fi mọ̀ pé fídíò ń ká, ṣùgbọ́n igun tí àmì yẹn máa ń hàn sí ti sán, oòrùn ọ̀sán sì pa gbogbo ìyókù mọ́lẹ̀. Rozalí fẹ́ lọ mu omi. Ó gbé kámẹ́rà lé mi lọ́wọ́. Mo fi èékánná tì í. Kò tó ìṣẹ́jú akàn. Nígbà tó dé, ó ní, "O ṣé, àbúrò mi," ó gbà á.

Bàbá náà súre. Ohùn rẹ̀ ń já bí okùn tó ti gbó, ó ń dúró, ó ń tún un so. Rozalí dúró bí òpó. Ó ń dá èémí dúró, ó ń tẹ bọ́tìnnì òkè, ó ń dúró, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Mo na agboòrùn bò ó. Mo gbọ́ gbogbo ìre náà, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ náà ni yóò parí sí.

Lọ́jọ́ kejì ni a ṣí i wò. Fótò mọ́kànlélógójì. Fídíò ìre náà, òfo. Rozalí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọwọ́ mi ni," ó ń wí. "Ìyá àgbà, èmi ni mo fọwọ́ kàn án. Èmi ni." Mo la ẹnu. Mo pa á dé.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí, kí Ọlọ́run má fi bi mí: àwọn fótò náà dára. Bí ẹ̀rọ náà bá wà lápá ti fótò, àwòrán rẹ̀ máa ń tóbi, ó sì máa ń mọ́ ju èyí tí à ń mú láàárín fídíò lọ. Ènìyàn lè tọ́ka sí irùngbọ̀n bàbá náà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí gèlè ọmọ rẹ̀, èékánná rẹ̀ dúdú fún iṣẹ́ oko, ìka kan kò kan gèlè náà, bí ẹni ń bẹ̀rù kó má bàá dọ̀tí. Èmi tí mo fẹ́ ba iṣẹ́ Rozalí jẹ́, èmi ni mo bá a tún un ṣe.

Ìyá àgbà kò pariwo. Ó gbé kámẹ́rà, ó fi àtàǹpàkò ti ohun kékeré yẹn lọ, ó tì í bọ̀. Ó le, ènìyàn ní láti dìídì tì í ni. Ó wo Rozalí. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ wọ bàtà."

A padà sí Adakplamẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Níwájú bàbá ìyàwó àti ẹbí rẹ̀, obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀. Obìnrin tó ń bá òkú du orúkọ ni o, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé iṣẹ́ òun kù síbì kan. Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ mi ló ṣì. Kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn. Mi ò ní ohùn yín."

Ìyàwó bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní, "Ká ní Bàbá Onífótò wà láyé ni, èyí ò lè ṣẹlẹ̀." Mo rí i bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ ìyá àgbà lára. Ọrùn rẹ̀ le. Ó kọjú sí bàbá nìkan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí fún mi."

"Ìre kì í ṣe ohun tí à ń wí lẹ́ẹ̀mejì, ìyá."

"Òjò kì í rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sóko, bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ rọlẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Ìyá àgbà gbé kámẹ́rà sórí itan, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀. "Ohùn ni mo wá gbà," ó ní. "Ojú yín ti ọjọ́ ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ ọmọ mi, mi ò lè ya èyí tó dára jù ú lọ." Ọmọ rẹ̀ yẹn, Rozalí ni. Kódà níbẹ̀, lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ, ó sì gún mi.

Bàbá súre. Kò sí èrò mọ́, kò sí ìlù, kò kánjú. Ó dárúkọ ìyá ọmọ náà, èyí tí kò lè dá níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó sọ bí ìyá náà ṣe máa ń kọrin bó bá ń bó ẹ̀pà, tí kò sì mọ orin kan parí. Ó ní kí ọmọ òun rí ẹni tí yóò máa bá a parí orin rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ìyá àgbà rán Rozalí lọ pọn omi. Ó jókòó tì mí. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí kì í yí ara rẹ̀ padà." Ìyẹn nìkan. Mo ń wo ilẹ̀. Ó dúró, ó tún dúró sí i, ó wá nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Ìwọ ni yóò tò ó. Jókòó, kí o wo ohun tí ojú ẹlòmíràn rí."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi to fótò mọ́kànlélógójì sórí ohùn bàbá. Mo ní láti wo ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mo fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti bára mu. Mo kọ́ pé bí ohùn bá dúró láti mí, kí n má yí àwòrán. Iṣẹ́ yẹn náà ni mò ń ṣe jẹun títí dòní, ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni mo sì kọ́ ọ. Ìyàwó náà wò ó, ó di ìyá àgbà mọ́ra, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Bàbá náà kú kí àgbàdo ọdún yẹn tó gbó. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti abúlé mìíràn pé, "Ìyá Fídíò, ẹ ṣe irú èyí tó jókòó yẹn fún wa." Kò sẹ́ni tó pe Bàbá Onífótò mọ́. Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ó ní: "Wọ́n ti gbé orúkọ náà fún mi wàyí. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ."

Rozalí kò lè wo fídíò yẹn tán. Ó ní ọwọ́ òun kò dára fún ẹ̀rọ. Arúgbó kúnlẹ̀ nítorí òun, gbogbo ìgbà tí òun bá rí kámẹ́rà ni òun ń rí eékún yẹn nílẹ̀. Kò pé oṣù méjì tó fi padà sí Àjàṣẹ́, ó ń bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ. Kámẹ́rà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà bọ́ sí mi lábẹ́ ìdí. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ẹni tí kò sí nílé lè kún ilé ju ẹni tó wà níbẹ̀ lọ. Bí ìyá àgbà bá rí ohun tó dára, á ní, "Rozalí ì bá ti ya ìyẹn." Fótò ọmọ ọdún mẹ́ta tó dé fìlà àbúrò rẹ̀ ló gbé kọ́ ògiri pálọ̀. Kò sí èyí tí mo yà lórí ògiri yẹn.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi sùúrù tí wọ́n ń yìn nígbà ìsìnkú. Lọ́dọọdún, bí Rozalí bá fẹ́ wá kí wa lọ́dún Àjíǹde, ìyá àgbà á pè mí. "Rozalí ń bọ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ kankan wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì?"

"Kò sí, Ìyá àgbà."

"Ó dáa. Mo ń dúró."

Ọdún mẹ́wàá. Kò pariwo, kò halẹ̀, kò sọ fún ìyá mi. Ó kàn ń béèrè. Ọdún kan wà tí mo bínú tí mo bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un fúnra yín?" Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Bí mo bá sọ ọ́, màá sọ ọ́ nù, ìwọ yìí. Bí ìwọ bá sọ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì ni màá ní."

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn láti ìgbà tó kú, mi ò sì lè sọ pé ohun tó ṣe dára. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu rẹ̀ ì bá ti tú Rozalí sílẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kó ti ẹnu mi wá, ó sì jẹ́ kí ọmọ kan ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ kí èkejì lè dàgbà. Èkejì kò dàgbà. Ní oṣù tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, nígbà tí kò lè dìde mọ́, mo ń nu ojú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé yóò tún béèrè. Ó wò mí títí, ó ní: "Ó ti rẹ̀ mí, Àbẹ̀kẹ́." Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

Rozalí wá fún ìsìnkú. Èmi ni mo ya fídíò rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń sunkún lẹ́bàá pósí, mo ń wò ó nínú gíláàsì kékeré yẹn, mo sì ń jowú bí ẹkún rẹ̀ ṣe ń wá wọ́ọ́rọ́wọ́, tí tèmi kò sì wá.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn tí àlejò ti dín kù, mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ ìkòkò. Mo gbé àpótí, mo jókòó níwájú rẹ̀.

"Èmi ni mo tì í," mo ní.

"O ti kí ni?"

"Kámẹ́rà. Ní Adakplamẹ̀. Nígbà tí o lọ mu omi."

Ó ń fọ ìkòkò lọ. Kànrìnkàn ń yí, ó ń yí. Ó dúró.

"Ìyá àgbà mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kejì tí a ṣí i wò."

Mo ti múra de ìgbátí. Mo ti múra de igbe tí gbogbo agbo ilé yóò gbọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọṣẹ bá a lójú, kò bìkítà. Ó ní, ohùn rẹ̀ kéré gan-an, "Wọ́n mọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n lọ. Ọdún mẹ́wàá. Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè."

"Rozalí, jọ̀ọ́."

"Ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn jù, Àbẹ̀kẹ́. Mo rò pé èmi ni. Gbogbo ìgbà yẹn, ìwọ ni."

Ibi tí mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Inú mi dùn. Òkú ìyá àgbà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan nínú ilẹ̀, ẹni tí mo ṣẹ̀ ń sunkún níwájú mi, omi ìkòkò ń ṣàn dé ẹsẹ̀ mi, inú mi sì dùn, nítorí pé ẹnì kan ti sọ ọ́ jáde nígbẹ̀yìn pé èmi ni. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ìtìjú tó tẹ̀lé e pọ̀ débi pé n kò lè dìde lórí àpótí, Rozalí ti da omi nù, ó ti dojú ìkòkò délẹ̀, ó ti wọlé lọ di báàgì rẹ̀, mo ṣì jókòó síbẹ̀. Ó kí ìyá mi, ó kí àwọn àgbà, ó gun sẹ́míjàn lọ sí gáréèjì. Kò kí mi.

Mo pè é ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kò gbé e. Mo pè é ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò gbé e. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ó gbé e. Mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan ń béèrè bóyá wọ́n ní aláwọ̀ ewé, ẹlòmíràn ń ná aṣọ lóhùn òkè.

"Rozalí," mo ní, "èmi ni."

Ó dá obìnrin náà lóhùn pé aláwọ̀ ewé wà.

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni," ó ní.

Kò sì gé e.